Síńfónì Kì í Ṣe Àjùmọ̀dún Ohùn

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àwo síńfónì kò ní pẹ́ kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó bá wa tan: síńfónì kan ṣoṣo tí Samuel Coleridge-Taylor kọ. Dókítà Daniel Taylor, ará Sàró, ni bàbá rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní 1875, Croydon ló sì gbé dàgbà. Nígbà tó yá, ní 1905, ó mú orin Yorùbá kan, Oloba, tí Victoria Randle ará Èkó fún un, wọ inú Twenty-Four Negro Melodies rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún péré ni, abẹ́ Charles Villiers Stanford ló ṣì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Music, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síńfónì náà síta ní 1896. Abala ìparí rẹ̀ kò tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, ọmọ náà sì ń tún un kọ lákọtúnkọ. Hiawatha's Wedding Feast ló wá sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1898. Ó pẹ́ kí Douglas Bostock àti àwọn eléré Aarhus ní Dẹ́ńmáàkì tó gba síńfónì náà sílẹ̀ sórí àwo. Bí a bá wá ní kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí ìwé ètò ìsìnkú àti ìkórè ń ti orí ẹ̀rọ wọn jáde, tẹ ìlà kan péré nípa àwo yìí, kí ni ká kọ fún wọn? Ìtumọ̀ Symphony in A minor tó ń bà mí lẹ́rù ni “Orin Àjùmọ̀dún Ohùn Nínú A Kékeré”. Yàtọ̀ sí A yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá. Kò sì sí Yorùbá kan tí yóò yé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò la àríyànjiyàn lọ. Àwo ti di tiwa láti ìgbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọrin sínú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922. Dùùrù, fèrè àti kàkàkí kò nílò agbẹjọ́rò. Ìgbohùnsílẹ̀ náà dára. Àwọn kan ní ohùn ènìyàn nìkan ni “ohùn”, pé síńfónì tí ẹnikẹ́ni kò kọrin nínú rẹ̀ kò ní ohùn tí a lè gbà sílẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé Yorùbá tó gbọ́ dùndún mọ ohùn ìyá ìlù yàtọ̀ sí ti omele. Òǹkọrin, ìyẹn composer, nìkan ló ní ìṣòro díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń kọ orin lẹ́nu tí a sì fi ń kọ ọ́ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé ti wà, tí akọ̀wé sì wà, tí wọn kò dà pọ̀ mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọrin àti akọrin yóò ṣe máa gbé pọ̀.

Orí síńfónì gan-an ni ìjà wà. Àwọn tó fẹ́ “àjùmọ̀dún ohùn” lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gíríìkì: syn ni àpapọ̀, phone ni ohùn. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ tí kò wúlò ni. Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù orí 15, symphonia ni ohun tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ nígbà tó ti oko dé, “orin” ni Bíbélì wa sì pè é. Kò sí ẹni tó rò pé Coleridge-Taylor ló ń dún nínú ilé yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà fara hàn nínú Dáníẹ́lì orí 3, láàárín ohun tí wọ́n ń lù tí wọ́n ń fọn níwájú ère Nebukadinésárì. Ohun èlò orin ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà á sí níbẹ̀. Ní Ítálì lẹ́yìn náà, orin tí wọ́n fi ń ṣí eré opera ni. Ìgbà tó kúrò lábẹ́ opera tó dá dúró ni Haydn kọ èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tó fi wá di iṣẹ́ ńlá alábala mẹ́rin tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ tó ti pààrọ̀ iṣẹ́ tó báyìí, èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìtúmọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ yóò sọ fún wa? Àjùmọ̀dún ohùn pọ̀ jù nílé wa pàápàá: bàtá ni, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, àpàlà ni. Orúkọ tó bá ohun gbogbo mu kò tíì dárúkọ nǹkan kan.

Wọn yóò ní ọ̀lẹ ló ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ẹ wo bí Yorùbá ti ń sọ irú orin lórúkọ. Sákárà gba orúkọ ìlù rẹ̀. Wákà wá láti ọ̀rọ̀ Haúsá tí kò ju “orin” lọ, kò sì sí ìyá Ìjẹ̀bú tó ń sọ pé àlejò ló ń kọ. Fújì ńkọ́? Sikiru Ayinde Barrister fúnra rẹ̀ ló ní orí òkè kan ní Japan ni òun ti mú un. Orúkọ irú orin kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ lédè wa; etí ló ń ṣàlàyé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí síńfónì máa jẹ́ síńfónì, kí a sì kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é: sí-ń-fó-nì, kí ń àárín dá dúró bí ó ti dá dúró nínú pańla, láìfi í kankan há a láàárín. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a yá orúkọ òde, kí a má sì yá ohun inú. Fela Sowande ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa: suite ni orúkọ òde African Suite rẹ̀ ti 1944, ṣùgbọ́n Onipe àti Akinla wà nínú rẹ̀.

Inú ọ̀hún ló wá yẹ ká ti ná agbára wa. Orchestra, ní Gíríìsì àtijọ́, ni ilẹ̀ tí àwọn oníjó ti ń jó, kó tó di orúkọ àwọn tó jókòó síbẹ̀. Agbo tiwa náà nìyẹn gẹ́lẹ́: agbo ijó, agbo eré, ibi náà àti àwọn ènìyàn ibẹ̀. Níhìn-ín gbòǹgbò méjèèjì pàdé, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Agbo eléré tó. Ẹni tó dúró níwájú agbo kò lè jẹ́ ìyá ìlù, nítorí kì í dún rárá. Kò sì lè jẹ́ kọ́ńdọ̀, nítorí ẹni tó bá pe kọ́ńdọ̀ ní ibùdókọ̀ Fọlá Agoro, ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó ni yóò dáhùn. Olùdarí ni. Movement kì í ṣe ìrìn; abala ni, bí àwọn asọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù ti ń sọ abala kìn-ín-ní àti abala kejì. Abala kejì síńfónì yìí ni Lament: ìdárò, kò sí wàhálà. Scherzo ló ń dán mi wò. Àwàdà ni lédè Ítálì, a sì ní ẹ̀fẹ̀, tí àwọn elégèlèdé ń ṣe lóru. Ó dùn ún gbọ́ o! Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ń bú ènìyàn, ó ń tú àṣírí ìlú. Scherzo kì í bú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gba ẹ̀fẹ̀ wọlé, ẹ̀ṣẹ̀ “àjùmọ̀dún” náà ni mo dá. Sìkẹ́sò ni yóò máa jẹ́, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn mi.

Ó ku “A kékeré”. Àlàfo tó wà láàárín ohùn kìn-ín-ní àti ìkẹta ló fi ìdajì ìṣísẹ̀ kéré sí ti major. Orin náà kò kéré. Àwọn mìíràn ní “ohùn ìbànújẹ́”, síbẹ̀ ìtara ni abala kìn-ín-ní síńfónì yìí gbé wọlé, kì í ṣe omijé. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 pé ohùn márùn-ún ni ìpìlẹ̀ orin Yorùbá. Kò yani lẹ́nu pé a kò ní orúkọ fún ìpín tí a kò pín. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ dò, re, mí dójú àmì, wọ́n sì mọ̀ pé orin minor, orí lá ló ń fàbọ̀ sí. “Lá lórí A”: akọrin tí kò ka ìlà márùn-ún rí mọ ibi tí yóò ti gbé ohùn. Ẹni tó bá ní èyí kì í ṣe Yorùbá pátápátá kò parọ́. Ṣùgbọ́n èwo ló sàn nínú ọ̀rọ̀ àyálò tí akọrin lè fi ṣiṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tó ń ṣì í lọ́nà?

Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, bí iṣẹ́ náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí ẹ má sì yọ àmì kankan lórí rẹ̀: Síńfónì, lá lórí A, abala mẹ́rin. Òǹkọrin: Samuel Coleridge-Taylor. Agbo eléré Aarhus. Olùdarí: Douglas Bostock.