Àrùn Lùkúlùkú ti Ọdún 1918 àti Àwọn Wolé-wolé Èkó

Ní oṣù September ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí Èkó, tí àrùn infulúẹ́ńsà sì bá àwọn èrò inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lùkúlùkú ni àwọn bàbá wa sọ ọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti bá ojú irin gòkè lọ sí ilẹ̀ Yorùbá.

A máa ń gbọ́ pé àrùn kò mọ olówó, kò sì mọ tálákà. A kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí tán. Ibà náà kò yan ẹnì kan, ṣùgbọ́n ìtọ́jú yàn. Ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà lọ́tọ̀. Nínú àwọn agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń sùn nínú yàrá kan, bí ẹnì kan bá wúkọ́, gbogbo ilé ni ó wú u fún.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé dé ilé láti wá àwọn aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú. Àwọn kan fi aláìsàn wọn pamọ́, àwọn mìíràn sì sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ sí ibi tí kò tíì dé. Àwa kò bá wọn wí. Ta ni yóò fi ìyá rẹ̀ lé àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ lọ́wọ́?

Kì í ṣe pé dókítà aláwọ̀ dúdú kò sí. Ní ọdún 1902 ni ìjọba kó àwọn dókítà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ sí ẹgbẹ́ kan, tí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Àwọn bí Oguntola Sapara, tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú, di ẹni ẹ̀yìn.

Ní ọdún 1918 yẹn gan-an ni Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Oluwole, gba oyè dókítà ní Glasgow. Ní ọdún 1925 ó di igbákejì olórí ìtọ́jú ìlera ní Èkó. Kò sí aláwọ̀ dúdú tí ó dé ipò náà ṣáájú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń kó ran ènìyàn ti wọ ìlú láti ọdún 1924. Òun ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti apá gbogbo Nàìjíríà ti kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé.

A kò ní purọ́: wolé-wolé kò di ààyò ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá bá tanwíji nínú àmù rẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin a sì máa da omi wọn nù bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ ní ìta. Ṣùgbọ́n ó ń kí wọn kí ó tó wọlé. Ìyá àgbà lè bá a jiyàn, ó lè béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ òun lọ, kí ó sì gbọ́ èsì.