Bí A Bá Ṣe Rìn Là Ń Ko Ni: Ìrìn Ẹ̀yẹ Nínú Ìtàn Kétu

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ṣe rìn là ń ko ni. Ẹni tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ó sorí kọ́, àwọn ènìyàn yóò kò ó bí ẹni tí kò ní ilé. Ẹni tí ó gbé orí sókè, tí ó ń fi ẹ̀sọ̀ gbé ẹsẹ̀, wọn yóò yà fún un kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí gbà pé ọ̀rọ̀ aṣọ àti owó ni èyí. Ìtàn Kétu fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí ti pàdánù odi, ààfin àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Nínú ohun díẹ̀ tí ọ̀tá kò rí gbà ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbà gbé ara wọn.

Adé àti bàtà

Kétu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú aládé tí wọ́n tọ́ka orírun wọn sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí a bá ń wúre fún ọba, a ó ní kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí a fi etí sí ìwúre náà dáadáa. Orí àti ẹsẹ̀ ni ó dárúkọ. Kò dárúkọ ojú, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wálẹ̀ láti etí adé a máa bo ojú ọba. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ìlú kì í ka inú ọba lójú rẹ̀. Bí ó ṣe dìde, bí ó ṣe jókòó, bí ó ṣe gbé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ìdí nìyí tí ọba kì í fi í kánjú. Òwe sọ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Bí ọba bá sáré, gbogbo ọjà ni yóò tú. Bí ó bá ń yan, ọkàn ìlú yóò balẹ̀. Yíyan kì í ṣe afẹ́ ọba, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń fi ara rẹ̀ sọ fún àwọn ènìyàn pé odi ṣì dúró, pé ẹnubodè ní olùṣọ́.

Ṣùgbọ́n ìdúró yìí kì í ṣe ìgbéraga. Ní ààfin kan náà ni ọkùnrin ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí obìnrin ń kúnlẹ̀, tí olóyè ń ṣí fìlà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá a lójú kì í bẹ̀rù àtidọ̀bálẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun yóò dìde, àti pé àwọn kan wà tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún òun náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó tẹ orí díẹ̀ bí ẹni tí ọrùn ń dùn, tí kò fẹ́ kí àyà kan ilẹ̀, òun ni àwọn àgbà ń wò tìyanu-tìyanu.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó

Ọmọdé kì í bá ìrìn ẹ̀yẹ wáyé. A máa ń kọ́ ọ ni. Ọ̀nà omi ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ tirẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi kò sì sún mọ́ ìlú láyé àtijọ́. Ìyá á ká òṣùká fún ọmọ, á gbé ìkòkò kékeré lé e lórí, á ní kí ó jọ̀wọ́ ọwọ́. Bí ọrùn bá wọ́, omi á dà. Bí ọmọ bá ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, omi á dà. Ìbàdí àti orúnkún ni ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìkọsẹ̀ ọ̀nà, kí orí lè dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọmọ náà bá fi di ìyá ọlọ́jà, kò ní ẹrù lórí mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn kò gbàgbé.

Ọkùnrin ní tirẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu ni ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun eré yìí, tí Àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ayé, tí ó sì wọ ìwé àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ni ó ń gbé e, àwọn ìyá ni ó sì ń fi í bu ọlá fún. Ère wà lórí rẹ̀, aṣọ bo ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí i bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni tàbí ẹ̀rù ń bà á. Irin tí a dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Ìlù á sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ á dá a lóhùn. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́, tàbí bí ó bá yá jù, gbogbo agbo ni yóò gbọ́.

Àwọn ọmọdé ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde ní ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ tí kò tíì pé. Àwọn tí ó jù wọ́n lọ á tẹ̀ lé wọn, kí àwọn ọ̀gá tó dé. Bí ọmọ bá ṣìṣe, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún pè é jáde. Báyìí ni ó ṣe ń kọ́ láti dúró níwájú ìlú. Wọ́n ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ẹsẹ̀ tí ó bá ti jó o náà, agbo mìíràn kò lè tètè dẹ́rù bà á.

Ọdún 1886

Odi amọ̀ àti yàrà ni ó yí Kétu ká, ẹnubodè olókìkí tí à ń pè ní Àkàbà Ìdènà sì ni ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀. Ní ìgbà ọba Glèlè ti Dàhòmì, ogun Àgbómẹ̀ dó ti ìlú náà títí ó fi ṣubú ní 1886. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Fún ọdún bíi mẹ́jọ ni ibẹ̀ fi di ahoro.

Ní 1892, àwọn ọmọ-ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds ṣáájú wọ Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ Kétu rí ọ̀nà padà sílé, nígbà tí ó sì di 1894, Alákétu tún ti wà lórí ìtẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n padà wá bá: igbó àti ògiri tí ó ti wó. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè ṣí láti mọ bí ààfin ṣe ń rìn. Ẹni tí ń ṣáájú àti ẹni tí ń tẹ̀ lé, bí a ṣe ń jókòó níwájú ọba, ibi tí ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bá ìlù mu, nínú ara àwọn àgbà tí ó padà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde fún àwọn ọmọ tí a bí sí ìgbèkùn.

Lókè òkun

Ó pẹ́ kí 1886 tó dé ni ogun Dàhòmì ti ń kó ọmọ Kétu, tí wọ́n sì ń tà wọ́n létí òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíl. Ní ìlú Salvador níbẹ̀, ilé òrìṣà kan wà tí ó ń jẹ́ Ilê Maroiá Láji, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé obìnrin kan láti ìdílé ọba Kétu, tí àwọn ará Dàhòmì mú ní kékeré, ni ó dá a sílẹ̀. Ìyálórìṣà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀, Olga de Alaketu, wà láyé títí di 2005.

Èdè Pọtogí ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń sọ. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà, dobale náà ni wọ́n sì ń pè é. Bí Ògún bá dé sí agbo, ìrìn jagunjagun ni yóò rìn. Bí òrìṣà àgbà tí wọ́n ń pè ní Oxalufã bá dé, yóò tẹ̀ lé ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ́ra, gbogbo ilé á sì dìde fún un. Nítorí náà iyì kò sí nínú ẹ̀yìn tí ó gún nìkan. Arúgbó tí ó tẹ̀ lè ní i, bí ó bá mọ ẹni tí òun jẹ́.

Pierre Verger, ará Faransé tí a tẹ̀ ní Ifá ní Kétu, tí ó sì gba orúkọ Fátúnbí, gbé ìwé Dieux d'Afrique jáde ní 1954. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Bàhíà wà nínú ìwé kan náà. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí bí ọrùn, èjìká àti ọwọ́ ṣe jọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ńlá wà láàárín wọn.

Nígbà tí òfin fẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀

Àwọn Faransé tí wọ́n ṣí ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni wọ́n tún mú àjàgà mìíràn wá. Àdéhùn wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1889 ti la ilẹ̀ Kétu sí méjì: ìlú ọba bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, kọ̀mándà lè sọ ọmọ ilẹ̀ sẹ́wọ̀n tàbí kí ó bu owó ìtanràn lé e láìgbé e dé iwájú adájọ́. Àìbọ̀wọ̀ fún aṣojú ìjọba wà lára ohun tí ó lè fa ìyà náà. Ìdúró tí ààfin fi kọ́ ọmọ lè sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ̀mándà. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe tún wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ẹsẹ̀ wọn dáhùn: wọ́n kọjá ààlà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Ọdún 1946 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Òfin lọ, ṣùgbọ́n àṣà tí ó dá sílẹ̀ kò tètè lọ. Kò ṣòro láti rí ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kí ó máa súnkì níwájú ẹni tí ó wọ kóòtù, tí wọ́n sì pe èyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìtẹríba kọ́ nìyẹn, ìbẹ̀rù ni. Ọmọ tí ó tẹríba kí àgbà tán, tí ó dìde, tí ó sì dáhùn ọ̀rọ̀ ketekete, òun ni ó ṣe bí ọmọ Kétu. Ọmọ tí ó tẹ orí tí kò lè gbé e mọ́, ààfin kọ́ ni ó kọ́ irú ìyẹn.

Iṣẹ́ kù fún àwọn òbí tí ó wà ní Kútọnù, Lomé àti Paris. Bí ìsinmi bá dé, kí ọmọ wá sílé, kí ó wọ agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn ọmọdé, kí ìyá àgbà ká òṣùká fún un. Àwọn baba ti yan ní tiwọn, nínú ọlá àti nínú ìgbèkùn. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kétu kò ní í tú mọ́.