Ìtàn Adójútòfò Ìlera àti Iṣẹ́ Abẹ Awọ Tó Kù Lẹ́yìn Ìsanrajù

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìwé àwọn dókítà sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn agbẹjọ́rò, ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni ohun tí ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ sínú ìwé àdéhùn wọn. Dókítà a máa ka ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kan ikùn. Agbẹjọ́rò a máa kà á láti ọjọ́ tí òfin jáde. Akọ̀wé insọ́ránsì ní tirẹ̀, ọjọ́ tí nọ́ńbà ìsanwó yí padà ló kà sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí kó lè wà lójú kan. Amẹ́ríkà ni mo gbájú mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ìwé pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni awuyewuye ti le.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an? Bí ẹni tó sanra rẹpẹtẹ fún ọdún púpọ̀ bá wá rù tó 50 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà iṣẹ́ abẹ inú ló ṣe o, tàbí oúnjẹ ló gé kù, ọ̀rá á lọ, awọ á kù. Àwọn fọ́nrán inú awọ tó ń jẹ́ kó nà kó sì sún padà ti já látìgbà tó ti ń sanra bọ̀. Kò sí eré ìdárayá tó lè so wọ́n padà, kò sì sí ìpara tó lè fà wọ́n le. Ti ikùn ló sábà máa ń burú jù: á wó wálẹ̀, á bo abẹ́, á bo itan, ti ẹlòmíì tilẹ̀ á kan orúnkún. Òógùn á kó sábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ò ní débẹ̀, ara á máa hún, á máa bó, á máa rùn, egbò tí kì í jinná á sì jókòó síbẹ̀. Òmíì á máa ká awọ ara rẹ̀ sínú ṣòkòtò bí ẹni ká aṣọ kó tó lè jáde nílé. Apá, ọmú, ẹ̀yìn àti itan náà kì í gbẹ́yìn. Ìbéèrè tó wá ń da ilé iṣẹ́ adójútòfò àti aláìsàn pọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àìsàn nìyí ni, àbí oge?

Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé irú awọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní Demars àti Marx ni, ní ilẹ̀ Faransé ní 1890; àwọn ará Amẹ́ríkà ní Howard Kelly ni, gbajúmọ̀ dókítà àwọn obìnrin ní Johns Hopkins ní Baltimore, ní 1899. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká máa fi ọjọ́ ṣòfò lé èyí lórí. Ti Kelly ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún jù: obìnrin kan tó wọn 285 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi 129 kílò, ni wọ́n gé ọ̀rá àti awọ tó tó bíi kílò 7 kúrò níkùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó ọgọ́ta ọdún tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kàn fi ń yí ojú ibi tí wọ́n ń gbà gé e padà. Ní 1967 ni Ivo Pitanguy, ará Brazil, tẹ ìròyìn ikùn 300 tó ti ṣe jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Èmi gbà pé òkìkí yẹn wà lára ohun tó lẹ orúkọ oge mọ́ iṣẹ́ yìí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pitanguy ní wọ́ọ̀dù kan ní Santa Casa ní Rio de Janeiro tó ti ń tọ́jú àwọn tálákà.

Ká wá bọ́ sórí owó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá Medicare sílẹ̀, adójútòfò ìjọba fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65. Gbólóhùn kúkúrú kan wà nínú òfin náà: ìjọba kò ní sanwó iṣẹ́ abẹ oge, àfi èyí tí wọ́n bá fi tètè tún ìpalára ìjàǹbá ṣe, tàbí èyí tó máa jẹ́ kí ẹ̀yà ara tó ní àbùkù ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni ń ro ti awọ ẹni tó rù nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, torí irú wọn kò tíì pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nínú ìwé àdéhùn àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni títí di òní: bó bá jẹ́ oge, owó ara rẹ ni, bó bá ń dí ara lọ́wọ́ iṣẹ́, ó ṣeé gbọ́.

Iṣẹ́ abẹ inú ló mú kí àwọn aláwọ rírọ̀ pọ̀ sí i. Ní Yunifásítì Iowa ni Edward Mason àti Chikashi Ito ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ikùn oúnjẹ kù fún àwọn tó sanra jù ní 1966. Ní oṣù Kẹta, 1991, àpérò kan tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, pè fi ìwọ̀n lélẹ̀: ẹni tí BMI rẹ̀ (ìwọ̀n ara bá a ṣe fi wé gíga) bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn mìíràn bí ìtọ̀ ṣúgà, lè ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò rí ohun dì mú, àwọn púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀. Nígbà tí Carnie Wilson, olórin, jẹ́ kí aráyé wo tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1999, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Medicare náà la ọ̀nà tirẹ̀ ní oṣù Kejì, 2006. Ibi tó ti takókó nìyẹn: ilé iṣẹ́ kan náà tó sanwó kí ọ̀rá lè lọ ni yóò yíjú padà, tí yóò ní awọ tí ọ̀rá fi sílẹ̀ kò kan òun.

Ṣé wọ́n jàre? Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wo èyí. Ní 1989, AMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, pín in sí méjì: iṣẹ́ abẹ oge ni èyí tí wọ́n ṣe sára tó wà bó ṣe yẹ kó wà, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ni èyí tí wọ́n ṣe sí ẹ̀yà ara tí ìbí, ìdàgbàsókè, ìjàǹbá, kòkòrò àrùn, kókó tàbí àìsàn bà jẹ́. Ní 1998, ìpínlẹ̀ California sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di òfin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje, 1999: kí adójútòfò sanwó àtúnṣe bó bá máa jẹ́ kí ẹ̀yà ara náà ṣiṣẹ́, tàbí bó bá máa jẹ́ kó rí bí ara ènìyàn ṣe ń rí débi tó bá ṣeé ṣe. “Tàbí” yẹn kì í ṣe kékeré. Lójú òfin California, kò pọn dandan kí egbò wà kí wọ́n tó sanwó.

Èsì àwọn ilé iṣẹ́ ni pé àìsàn kọ́ ló fa awọ náà. Rírù ló fà á, rírù sì dára. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, 1998, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin pé adójútòfò tó bá ń sanwó gígé ọmú nítorí jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ sanwó títún un ṣe, títí kan ọmú kejì kí àwọn méjèèjì lè bára dọ́gba. Ṣé jẹjẹrẹ ló gé ọmú ni? Ọ̀bẹ dókítà ni. Ìtọ́jú ló fa àbùkù níbẹ̀, ìtọ́jú náà ló fà á níbí. Ibi tí mo ti fún àwọn adójútòfò láre ni pé ikùn obìnrin tó bímọ mẹ́ta náà máa ń rọ̀, bí wọn kò bá sì ní ìwọ̀n tí wọ́n lè dì mú, kò ní sí ibi tí ọ̀rọ̀ yóò parí sí.

Ìwọ̀n náà dé láàrin 2000 sí 2005. Igwe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Mal Fobi, ọmọ Kamẹrúùnù tó ń ṣiṣẹ́ ní California, wà láàrin wọn, pín ikùn tó wó sí ìpele 5 ní 2000. Ti àkọ́kọ́ dé irun abẹ́ ṣùgbọ́n kò bo ojú ara. Ìkejì bò ó. Ìkẹta bo òkè itan. Ìkẹrin dé àárín itan. Ìkarùn-ún kan orúnkún tàbí kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 2005 ni àwọn ará Pittsburgh, tí J. Peter Rubin wà lára wọn, ṣe ti gbogbo ara: apá, ọmú, ẹ̀yìn, ikùn, ìdí, itan, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò gba ti Pittsburgh. Ti ikùn nìkan ni wọ́n mú, wọ́n sì fi tiwọn kún un: kí awọ náà dé eegun abẹ́ tàbí kó kọjá rẹ̀, kí ara bíbó ti wà lábẹ́ rẹ̀ fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìka oògùn sí, kí ìwọ̀n ara ti dúró sójú kan fún oṣù 6, kí ó sì tó oṣù 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú. Wọ́n tún ń béèrè fọ́tò. Aláìsàn á bọ́ra, á dúró ṣánṣán, wọ́n á yà á láti iwájú, wọ́n á yà á láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikùn sókè kí kámẹ́rà lè rí ibi tó ti bó. Ẹni tó máa wo fọ́tò yẹn kò ní fojú kan ẹni tó ni ín láéláé.

Mo ti rí àwọn tó gbà pé òfin ló yí ìtàn yìí padà. Lójú tèmi, nọ́ńbà ló yí i padà. Títí di òpin 2006, nọ́ńbà kan ṣoṣo, 15831, ni dókítà ń kọ sórí ìwé owó fún gígé awọ ikùn, wọ́n sì kọ orúkọ iṣẹ́ fífa ikùn le, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí “tummy tuck”, sínú àlàyé rẹ̀. Bí akọ̀wé adójútòfò bá ti rí orúkọ yẹn, oge dé. Àwọn dókítà kan náà sì ń fi nọ́ńbà yẹn gba owó oge ní tòótọ́. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 2007, wọ́n là á sí méjì: 15830 fún gígé awọ tó wó nísàlẹ̀ ìdodo, 15847 fún ṣíṣí ìdodo nípò àti rírán iṣan ikùn pọ̀.

Àwọn kan ní èyí la ọ̀nà fún aláìsàn, òótọ́ sì ni: 15830 ti di ohun tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ní ìlànà fún. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni wọ́n gé ọwọ́ iṣẹ́ náà. Ìhà ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Orí tábìlì kan náà ni aláìsàn dùbúlẹ̀ sí, oorun kan náà ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n tí dókítà bá fọwọ́ kan ìdodo, àpò aláìsàn ló kù. Nọ́ńbà 15832 fún itan àti 15836 fún apá kò tilẹ̀ rí ojúure tó bẹ́ẹ̀. Oge ni wọ́n ṣì ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Lókè òkun mìíràn, ọ̀nà yàtọ̀. Faransé ń sanwó bí ikùn bá bo abẹ́ dé àyè kan, bí aláìsàn bá ti gba àṣẹ ṣáájú. Ní Brazil, òfin adójútòfò ti 1998 yọ oge kúrò. Ìjọba sì fi iṣẹ́ abẹ awọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú sínú ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn, SUS. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 2023, STJ, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹjọ́ gíga Brazil, ní Brasília, dájọ́ pé adójútòfò gbọ́dọ̀ sanwó iṣẹ́ abẹ àtúnṣe tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, torí ara ìtọ́jú ìsanrajù ni. Bí iyèméjì tó nídìí bá wà pé oge ni, ilé iṣẹ́ lè pe ìgbìmọ̀ dókítà jọ, owó ara rẹ̀ ni yóò sì fi pè wọ́n. Kò sí ìdájọ́ tó ṣe kedere tó èyí nínú gbogbo ohun tí mo kà.

Ti àìpẹ́ yìí kò gba àlàyé púpọ̀. AMA pe ìsanrajù ní àìsàn ní 2013. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, 2020, Medicare ní kí dókítà gba àṣẹ kó tó ṣe 15830 fún aláìsàn tí kò ní sùn ní ọsibítù. Abẹ́rẹ́ amúnirù Wegovy gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2021, Zepbound ní 2023, àwọn tó ń rù láìfi ọ̀bẹ kan ikùn sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, Baltimore tàbí ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbàkígbà tí ara bá bó, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ oògùn tó fún yín àti bó ṣe ṣiṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì pe ẹjọ́ náà sókè kí àsìkò tí wọ́n fún yín tó kọjá. Ẹni tó bá wà ní California, tí ètò rẹ̀ sì wà lábẹ́ DMHC, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó ètò ìlera, lè ní kí dókítà tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà tún un wò. Láti 2001 ni ẹ̀tọ́ yẹn ti wà.