Rédíò sátẹ́láìtì fún dẹ́rẹ́bà tírélà: ohun tó wà ní Àpápá, àti ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ sanwó fún

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa tírélà ní Àpápá àtàwọn mọ́tọ̀ bọ́ì tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ máa ń bi mí pé: níbo lèèyàn ti lè rí sub rédíò sátẹ́láìtì tí kò wọ́n? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ná, àlàyé á tẹ̀ lé e. Kò sí iléeṣẹ́ tó ń ta rédíò sátẹ́láìtì fún ọkọ̀ ní Nàìjíríà lónìí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá yín ṣí i, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ tà fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí dẹ́rẹ́bà ń wá gan-an, ìyẹn ìròyìn ọ̀nà, orin, àti ohùn èèyàn tí kò ní jẹ́ kí oorun gbé e lọ, ó wà. Ọ̀fẹ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó oúnjẹ tí ọ̀gá ń fún dẹ́rẹ́bà kì í tó nǹkan. Kò yẹ kó bá bọ́tìnnì tí kò lè ṣiṣẹ́ lọ.

Bọ́tìnnì SXM inú tọ́kùnbọ̀

Ọ̀pọ̀ Mack tẹ́ ẹ ń rí lójú ọ̀nà Tin Can, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Lára àwọn rédíò inú wọn, ẹ óò rí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SAT tàbí SXM sí. SiriusXM nìyẹn. XM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2001, Sirius tẹ̀ lé e lọ́dún 2002, wọ́n sì pa pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 2008. Apá Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n dojú sátẹ́láìtì wọn kọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston bá tiẹ̀ ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, rédíò tó wà ní Àpápá ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n ní áàpù lóòótọ́, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni áàpù yẹn ń lò, àwọn ará ọ̀hún ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó bá ta password áàpù fún yín, dátà yín ṣì máa jó, ẹni tó ni account náà sì lè yọ yín nígbàkigbà.

Áfíríkà ti ní tiẹ̀ rí

Rédíò sátẹ́láìtì ò ṣàjèjì sí Áfíríkà o. Noah Samara, tí wọ́n bí ní Ethiopia, ló dá WorldSpace sílẹ̀ lọ́dún 1990. Ní oṣù kẹwàá 1998, wọ́n gbé sátẹ́láìtì AfriStar lọ sójú ọ̀run nítorí Áfíríkà. Kí Amẹ́ríkà tó ní tiwọn nìyẹn. Ìṣòro wo ló wá pa á? Rédíò tó ń gbà á wọ́n, kì í ṣe gbogbo rédíò ló lè gbé e, eríálì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú ọ̀run láìsí ohun tó dí i. Ó rọrùn fẹ́ni tó jókòó sílé, kò rọrùn fún ọkọ̀ tó ń rìn. Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sanwó fún un wà. Ní oṣù kẹwàá 2008, WorldSpace lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gba ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́: FM

Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀.

Ní Èkó:
• 96.1: Lagos Traffic Radio, láti 2012. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀.
• 107.5: Radio Lagos, Yorùbá.
• 106.5: Faaji FM, Yorùbá.
• 92.9: Bond FM, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò.
• 95.1: Wazobia FM, pidgin.

Bẹ́ ẹ bá kúrò l'Ékòó:
• Abẹ́òkúta: Paramount 94.5, OGBC 90.5.
• Ìbàdàn: Amúlùdùn 99.1, Splash 105.5, Fresh 105.9.
• Ìlọrin: Harmony 103.5.

FM kì í rìn jìnnà. Tó bá ti ń ṣe ṣáà-ṣáà, ẹ sún un sí ti ìlú tó kàn. Ẹ tò wọ́n sínú preset bí ìlú ṣe tẹ̀ léra lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ má baà máa wá wọn kiri lórí ìrìn.

Bí rédíò ọkọ̀ ò bá gbé ìkànnì

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, rédíò Japan. FM tiwọn láyé àtijọ́, láti 76 dé 90 ni. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 dé 108. Ìdí nìyẹn tí 107.5 fi máa ń sọnù nínú rẹ̀. Band expander ni wọ́n ń fi sí i, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rédíò.

Èkejì, rédíò Amẹ́ríkà. 89.7, 89.9 ló máa ń fò lọ, torí náà kò ní dúró gangan lórí Eko FM tó jẹ́ 89.75. Ẹ gbé e sí 89.7, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, iná. Ọkọ̀ Yúróòpù bíi DAF àti MAN, iná 24V ló wà nínú wọn. Rédíò tẹ́ ẹ rà ní Boundary lè jẹ́ 12V. Tí wọ́n bá kàn so ó mọ́ ọn láìsí ohun tó ń dín iná kù, ó máa jó. Ẹ bi rewire kó tó fọwọ́ kàn án.

Bí ti ọkọ̀ ò bá sì ṣeé ṣe, fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré ní FM nínú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, yápíìsì ni eríálì. Kò jẹ dátà rárá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì

Ṣé Ìbàdàn lẹ fẹ́ máa gbọ́ láti Àpápá? Dátà nìyẹn. Ìṣirò rẹ̀ rèé: rédíò tó ń sáré ní 64 kbps ń jẹ nǹkan bíi 29MB ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 4.3GB nìyẹn. Tó bá jẹ́ 128 kbps, ó di 8.6GB. Ẹ fi iye tí iléeṣẹ́ yín ń ta 1GB lónìí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò mọ iye sub yín. Ẹ rántí pé ní oṣù kìíní 2025, NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Torí náà, ẹ wọ settings áàpù, kẹ́ ẹ yan low quality.

DStv ní àwọn ìkànnì rédíò, àmọ́ díìṣì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, N38,000 ni owó oṣù rẹ̀ fún ilé, láìtíì ka owó ẹ̀rọ. Ìyẹn kì í ṣe owó rédíò.

Kẹ́ ẹ tó tan rédíò

Láti oṣù kejì 2021 tí NPA ti gbé Ètò, ìyẹn call-up, kalẹ̀, páàkì ni ó yẹ kí tírélà ti dúró de ìgbà tí wọ́n á pè é wọ wáàfù. Ìdúró yẹn ló ń pa bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ẹ lo fóònù, ẹ fi bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ fún stáátì. Lórí ìrìn, ẹ má fi yápíìsì dí etí méjèèjì. Fèrè okada tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá sí páàkì pé òun ń ta sub rédíò sátẹ́láìtì, ẹ ní kó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì náà kó sọ̀rọ̀ níwájú yín kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Ó máa rántí pé òun ní ibòmíì tóun ń lọ.