Irin Gùn, Ọkọ̀ Ò Tó

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Màpó ní ìdájí, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò rí bí òrùlé páànù tó ti dípẹtà ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba àti ní Bẹ́yẹrùnká ṣe ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi kan Agbeni àti odò Ògùnpa, tí Ilé Kòkó yóò sì yọ gòǹgò lókèèrè ní Dùgbẹ̀. Ọ̀nà tí ojú ń bá lọ yẹn náà ni àwọn ìyá wa fẹsẹ̀ rìn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ọba láàrin ọkọ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ rí Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí Dùgbẹ̀.

Ní ọdún 1893 ni Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú Ògúnmọ́lá, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Gómìnà Carter ti Èkó, lẹ́yìn tí ogun Kírìjì ti mú ẹ̀mí àti ohun ìní lọ fún ọdún 16. Kò pẹ́ tí apó àti ọfà fi wálẹ̀ tí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Ìddó ní Èkó; ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, nígbà tí Gómìnà MacGregor wà lórí àléfà. Irin tóóró ni, ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 lọ, ojú kan ṣoṣo sì ni. Dùgbẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà, ni wọ́n kọ́ tẹ́sàn sí. Títí irin fi dé Òṣogbo ní 1907, Ìbàdàn ni òpin ọ̀nà, tí gbogbo ẹrù òkè ọ̀hún sì ń ti orí alárùú bọ́ sínú ọkọ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó àti ti àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé irin, wọ́n tẹ̀dó sí Gbági. Bẹ́ẹ̀ ni ọrọ̀ ìlú, tó ti ń jókòó sí Ọjà'ba láti ìgbà ìwáṣẹ̀, dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì forí lé ìsàlẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn bí a bá ń ka ìtàn yìí: nítorí ẹrù ni wọ́n ṣe la ojú irin náà, kì í ṣe nítorí èèyàn. Èkùrọ́, òwú, àti kòkó nígbà tó yá, ni òyìnbó ń wá, wágọ̀nù ẹrù ni wọ́n sì ń kà kí wọ́n tó ka kóòṣì èrò. Kíláàsì mẹ́ta ni kóòṣì èrò pín sí. Àwọn aláṣẹ àti àwọn ọlọ́rọ̀ ń jókòó sí èkíní àti èkejì, kíláàsì kẹta sì ni ti gbogbo ayé. Ẹni tó ń pinnu iye kóòṣì kíláàsì kẹta tí ọkọ̀ yóò fà kì í jókòó níbẹ̀, ẹni tó wọ bàtà ló sì mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìyá bàbá mi, ọmọ Bẹ́yẹrùnká, tó ṣòwò aṣọ òkè lọ sí Èkó títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un, máa ń sọ fún wa pé òun kì í jẹun òwúrọ̀ ní ọjọ́ ìrìnàjò, nítorí pé ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ lé nínú ọkọ̀ ni òun ń rò, àti pé lórí ìdì aṣọ òun fúnra òun ni òun máa ń jókòó dé Ìddó. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Èmi ni mo ń ráhùn fún un.

Ìṣirò ọkọ̀ kò rọrùn bí ẹni tó ń wòran ṣe rò ó. Kóòṣì tí a rà kọ́ ni kóòṣì tó ń ṣiṣẹ́: òmíràn wà ní ilé àtúnṣe ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, òmíràn ń dúró de ẹ̀rọ tí yóò fà á. Níbi tí ojú irin sì ti jẹ́ ẹyọ kan, ọkọ̀ tó ń lọ gbọ́dọ̀ yà dúró ní tẹ́sàn kí èyí tó ń bọ̀ tó kọjá, tó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ ra ọgọ́rùn-ún kóòṣì, ìwọ̀nba ni irin lè gbà lóòjọ́. Nígbà tí ogun Hitler parí, ọ̀ràn náà burú débi pé ẹ̀pà Kano ga bí òkè, tí kò rí ọkọ̀ tí yóò kó o dé etíkun. Ariwo ta dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi orúkọ odò pe irú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948. Ẹ̀pà ní ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tà á, tó sì lè kọ̀wé ẹjọ́. Àwọn ìyá Bẹ́yẹrùnká kò ní. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1952, Ìbàdàn nìkan ní 459,196.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, òjò wọ́ erùpẹ̀ lọ lábẹ́ irin nítòsí Lálúpọn, ọkọ̀ tó kún fún èrò sì dojú dé. Ó lé ní 60 èèyàn tó bá a lọ. Àwọn àgbà tó rántí rẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́ pẹ́, èmi náà kò ní sọ ọ́ pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọlẹ̀kájà àti ọkọ̀ títì gba èrò lọ́wọ́ irin, ìjọba ń pààrọ̀ ìjọba, kóòṣì ń gbó, tí a kò sì fi òmíràn rọ́pò. Síbẹ̀ èrò kò fi irin sílẹ̀ pátápátá. Lórí ọ̀nà tí Ìbàdàn fi ń lọ sí Èkó yìí náà, láàrin Ìjọkọ àti Ìddó, ojú wa rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ láràárọ̀, tí àwọn mìíràn sì dúró sórí irin tó so kóòṣì pọ̀ mọ́ra. Àwọn kan pè é ní ìwà ìpáǹle. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ààyè nínú ilé kì í sùn sórí àjà, iṣẹ́ kì í sì í dúró de ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn, kìlómítà 157, ìbú rẹ̀ fẹ̀, ó sì jẹ́ ojú méjì, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kò tún ní máa dúró de ọkọ̀. Inú mi dùn sí i, mo sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kìlómítà ni ẹnu gbogbo ń kà lọ́jọ́ náà. Iye kóòṣì kò sí nínú orin. Orí irin kan náà ni Èkó ti wá bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ èrò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Red Line ní 2024, láti Agbádó dé Oyíngbò, kìlómítà 27. Ọkọ̀ Talgo méjì, tí ìkọ̀ọ̀kan ní kóòṣì 10, ni wọ́n ti rà sílẹ̀ fún un ní 2022. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn wọ́n fún, kí wọ́n tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ méjì, fún Agége àti Ìkẹjà àti Oṣòdì! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ní ti Ìbàdàn, tẹ́sàn tuntun ti kúrò ní Dùgbẹ̀, ó ti dé Mọ́níyà. Àwọn ìyá Bẹ́yẹrùnká tó fẹ́ bá ọkọ̀ àárọ̀ ti ń jí kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ń gun òkè lọ sí Bẹẹrẹ láti wá takisí Micra. Bí wọ́n bá ti wọlé, awakọ̀ yóò yí ojú wẹ̀yìn, yóò ka orí wọn, yóò sì yọ orí síta, yóò máa pariwo nínú òkùnkùn pé: "Mọ́níyà! Ó ku ẹnì kan!"