Macro: Ọ̀nà tí olótùú lè gbà fi kọ̀ǹpútà dín wàhálà iṣẹ́ àtúnṣe kù

Apá méjì ni iṣẹ́ olótùú ní. Apá kìíní ń béèrè làákàyè: ṣé gbólóhùn yìí yé òǹkàwé, ṣé òótọ́ ni ohun tí òǹkọ̀wé sọ, ṣé ọ̀rọ̀ ojú ìwé kejì kò tako ti ojú ìwé kẹwàá? Apá kejì kò béèrè ju sùúrù lọ: yíyọ àlàfo méjì tó tẹ̀lé ara wọn, pípa ìlà òfìfo rẹ́, mímú kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin.

Apá kejì yìí ló sábà máa ń jẹ àkókò jù, òun náà sì ni kọ̀ǹpútà lè bá èèyàn ṣe. Ohun tó ń jẹ́ macro ni wọ́n fi ń ṣe é.

Kí ni macro?

Macro jẹ́ àkójọ àṣẹ tí èèyàn kó sábẹ́ orúkọ kan, kí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀lé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pe orúkọ náà. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ yìí kì í ronú. Bí àṣẹ bá ní àṣìṣe, yóò ṣe àṣìṣe náà ní ibi ẹgbẹ̀rún láì bìkítà.

Láti ìgbà Word 97, èdè Visual Basic for Applications, ìyẹn VBA, ni wọ́n fi ń kọ macro nínú Microsoft Word. LibreOffice Writer, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní èdè Basic tirẹ̀, ó sì gba Python pẹ̀lú. Paul Beverley, olótùú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ macro fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀?

Kò di ìgbà tí èèyàn bá mọ èdè kọ̀ǹpútà. Nínú Word orí Windows, ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

• Tẹ View, lẹ́yìn náà Macros, kí o sì yan Record Macro.
• Fún un ní orúkọ tí kò ní àlàfo nínú, tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Yan bọ́tìnnì tí wàá máa fi pè é.
• Ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń ṣe é. Bọ́tìnnì ni kí o fi yan ọ̀rọ̀, nítorí Word kì í jẹ́ kí èèyàn fi mouse yan ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń gba macro sílẹ̀.
• Tẹ Stop Recording.

Alt àti F8 ló ń ṣí àkójọ àwọn macro tó wà nílẹ̀; Alt àti F11 ló ń fi àṣẹ inú wọn hàn.

Àlàfo méjì ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. Tẹ Ctrl àti H, ní kí Word wá àlàfo méjì, kó sì fi ẹyọ kan rọ́pò rẹ̀. Bí àlàfo mẹ́ta bá wà níbì kan, ìgbà àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ di méjì. Nítorí náà, gba àṣẹ yìí sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú macro kan náà.

Àǹfààní wo ló ní fún èdè Yorùbá?

Nínú Unicode, ètò tó fún àwọn lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ẹnì kan lè tẹ ọ kó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ó kó tó fi àmì róbótó sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta lè lo ìlà òòró kékeré dípò róbótó.

Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdí nìyí tí olótùú fi lè wá "ọjọ́" nínú ìwé kan, kí ètò náà má sì rí gbogbo ibi tó wà.

Macro lè sọ gbogbo wọn di ọ̀nà kan ṣoṣo. Èèyàn kò gbọdọ̀ lẹ ẹ̀dà lẹ́tà Yorùbá mọ́ inú ojú ìwé VBA, torí ó sábà máa ń di àmì ìbéèrè. Nọ́ńbà ni kí ó lò: ChrW(7865) ni ẹ, ChrW(7885) ni ọ, ChrW(7779) ni ṣ, ChrW(769) ni àmì òkè, ChrW(768) sì ni àmì ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ńlá Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: 7864, 7884 àti 7778.

Kí ni macro kò lè ṣe?

Bí òǹkọ̀wé bá kọ "oko" láì fi àmì kankan sí i, ó lè jẹ́ oko tí wọ́n ń dá, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Macro kò lè mọ èyí tó tọ́. Ẹni tó gbọ́ èdè ló lè yàn án. Bákan náà ni kò lè mọ̀ pé gbólóhùn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, ṣe ẹ̀dà fáìlì kí o tó pe macro, kí o sì ka iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn náà.

Ewu wo ló wà nínú rẹ̀?

Agbára tó ń tún ìwé ṣe náà lè ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 1995, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Concept bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ nípasẹ̀ fáìlì Word. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, Melissa tún jáde: bí èèyàn bá ṣí fáìlì náà, yóò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Outlook sí àádọ́ta àdírẹ́sì. Ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà rán David L. Smith, tó ṣe é, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ní ọdún 2002.

Láti Word 2007, fáìlì tó bá gbé macro máa ń parí sí .docm, kì í ṣe .docx. Ní ọdún 2022, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í dí macro inú fáìlì tó wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ààbò kù sí. Bí fáìlì tí o kò retí bá ní kí o tẹ Enable Content, má tẹ̀ ẹ́. Macro tí o gbà sílẹ̀ fúnra rẹ, tàbí èyí tí o mọ ẹni tó kọ ọ́, ni kí o lò.