Orúkọ Ibi ní Ireland: Ohun tí Àkọtọ́ Máàpù Bò Mọ́lẹ̀

Láti 1830 ni John O'Donovan ti ń ṣe ìwádìí orúkọ ibi fún ìjọba tí ó ń ya máàpù Ireland. Ó ń gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ń kọ wọ́n ní èdè Irish. Síbẹ̀, àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ sórí máàpù. Báyìí ni 'cill' (ṣọ́ọ̀ṣì) àti 'coill' (igbó) ṣe di 'Kil' kan náà. Láìsí àkọsílẹ̀ àtijọ́ tàbí ẹnu ọmọ ìlú, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀?

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni Pádraig Ó Siochfhradha, ẹni tí ó kọ *Jimín Mháire Thaidhg* (1921). Òun ni ó kó orúkọ àti ìtàn ẹnu Corca Dhuibhne, agbègbè tirẹ̀, jọ sínú ìwé ní 1939. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè gidi ni. Ní 1946 ni ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ orúkọ ibi kalẹ̀.